Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Òṣùwọ̀n Ẹwà Owó Wúrà Bísántíọ̀mù Lójú Olùṣàkójọ Owó Àtijọ́

Àṣamọ̀

Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí àwọn ọba Kọnsitantínópù fi ń rọ owó wúrà. Fún ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ Yúróòpù fi ka àwòrán orí owó náà sí iṣẹ́ ọnà tí ó ti dìdàkudà, nítorí pé kò jọ ènìyàn gidi bí àwòrán orí owó Gíríìsì àti Róòmù ayé àtijọ́ ti jọ ọ́. Bébà yìí jiyàn pé òṣùwọ̀n àjèjì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. A lo èrò Yorùbá nípa ìwà, dídán, jíjọra àti ìfarahàn láti béèrè ohun tí ó yẹ kí olùṣàkójọ wò kí ó tó sọ pé owó kan lẹ́wà. A rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó ṣe kókó: ṣé ògidì ni inú owó náà, ṣé àwòrán rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, ṣé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ sì jẹ́ kí ó fara hàn? A tún fi hàn pé ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí pípé ara tí ọjà ń sanwó lé lórí.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: “Funfun niyì eyín, ẹ̀gùn gàgàà niyì ọrùn.” Ohun tí òwe yìí ń tọ́ka sí ni pé ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí a fi ń mọ iyì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ohun tí a fi ń mọ iyì eyín wá iyì ọrùn yóò ṣi ẹjọ́ dá. Kì í ṣe pé ọrùn náà kò lẹ́wà. Òṣùwọ̀n tí ó mú lọ́wọ́ ni kò bá ohun tí ó ń wọ̀n mu. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó dé bá owó wúrà ilẹ̀ ọba Bísántíọ̀mù.

Bísántíọ̀mù ni orúkọ tí àwọn òpìtàn ń pe ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn. Olú-ìlú rẹ̀ ni Kọnsitantínópù, tí Constantine Kìíní yà sọ́tọ̀ ní ọdún 330, tí a ń pè ní Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Ilẹ̀ ọba náà wà títí di ọdún 1453, nígbà tí Mehmed Kejì, ọba àwọn Ọ́tómánì, ṣẹ́gun ìlú náà. Àwọn olùṣàkójọ owó àtijọ́ sábà máa ń ka owó Bísántíọ̀mù láti orí Anastasius Kìíní (491–518), ṣùgbọ́n owó wúrà tí ilẹ̀ ọba yìí ń ná ti wà láti ayé Constantine. Solidus ni wọ́n ń pè é ní èdè Látíìnì. Nomisma ni ó ń jẹ́ ní èdè Gíríìkì.

Ìwé ìtàn Edward Gibbon lórí ìṣubú Róòmù, tí ó jáde láàrin ọdún 1776 sí 1788, wà lára ohun tí ó mú kí èrò náà gbilẹ̀ ní Yúróòpù pé ìfàsẹ́yìn gbọọrọ kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbésí ayé Bísántíọ̀mù. Èrò yìí wọnú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá to owó sí ẹsẹ̀ kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí owó Gíríìsì tí iṣan ọrùn àti irun orí hàn kedere lára àwòrán rẹ̀, tí ó sì parí rẹ̀ sórí owó Bísántíọ̀mù tí ojú ọba rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rọrùn láti sọ pé ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà ti wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ àti orí amọ̀ tí ó jọ ènìyàn gidi, ó sì sọ pé àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ tí wọ́n tẹ Atlantis dó ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ orísun irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ méjèèjì: ohun tí ó bá jọ ènìyàn gidi ni ó dára, ohun tí ó bá dára, ti Gíríìsì ni, èyí tí kò bá sì jọ ènìyàn gidi ti bàjẹ́. Òṣùwọ̀n tí ó gba iṣẹ́ Ifẹ̀ lọ́wọ́ Ifẹ̀ ni ó pe iṣẹ́ Kọnsitantínópù ní ìdìdàkudà. Nítorí náà, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò lórí owó àwọn ẹlòmíràn, a ó mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá tún padà wá sílé wa.

2.0 Òṣùwọ̀n tí a mú lò

Robert Farris Thompson (1973) fi ọ̀rọ̀ wá àwọn Yorùbá lẹ́nu wò nípa ère tí wọ́n rí. Ó rí i pé wọ́n ní òṣùwọ̀n tí wọ́n lè sọ jáde lẹ́nu. Lára rẹ̀ ni jíjọra, tí ó túmọ̀ sí pé kí ère jọ ènìyàn ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìfarahàn, tí ó jẹ́ pé kí gbogbo ẹ̀yà ara ère hàn kedere. Àti dídán, tí ó jẹ́ pé kí ara rẹ̀ máa gba ìmọ́lẹ̀. Rowland Abíọ́dún náà ti ṣàlàyé pé nínú ọ̀rọ̀ wa tí ó sọ pé ìwà lẹwà, ìwà kò dúró lórí ìṣesí nìkan. Ó kan bí ohun kan ti wà gan-an, ohun tí ó jẹ́ nínú ara rẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ ohun tí ó pe ara rẹ̀ ni ó lẹ́wà.

A kò sọ pé àwọn alágbẹ̀dẹ Kọnsitantínópù mọ èrò Yorùbá. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún wa ní ìbéèrè tí ó tọ́. Ẹ̀rí sì wà pé àwọn ènìyàn ayé ìgbà náà béèrè irú ìbéèrè yìí. Ní ọ̀rúndún kẹfà, Cosmas Indicopleustes, oníṣòwò ará Alẹkisáńdíríà, kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa oníṣòwò tí ń jẹ́ Sopatros, tí ó bá ará Páṣíà kan pàdé níwájú ọba erékùṣù tí a ń pè ní Siri Láńkà lónìí. Ọba béèrè pé ta ni ọba rẹ̀ tóbi jù nínú àwọn méjèèjì. Ará Páṣíà kọ́kọ́ fọ́nnu. Nígbà tí ó kan Sopatros, ó ní kí ọba wo àwọn ọba méjèèjì fúnra rẹ̀, nítorí pé àwòrán wọn wà níbẹ̀ lórí owó. Wọ́n mú owó wúrà Kọnsitantínópù àti owó fàdákà Páṣíà wá. Ọba yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, ó sì yin owó wúrà náà: ó dún dáadáa, ó ń dán, ó sì gún régé. Cosmas kò fi ohun kan pa mọ́: ó ní irú owó tí wọ́n bá ń kó lọ sí òkèèrè bẹ́ẹ̀, àṣàyàn ni.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ wa. Èkíní, wọ́n fi etí, ojú àti ọwọ́ dájọ́ owó. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá imú ọba jọ imú rẹ̀ gidi. Èkejì, àwọn ará ìgbà náà pàápàá mọ̀ pé owó ju owó lọ: nínú owó tí ó ti inú òǹtẹ̀ kan náà jáde, a lè ṣa èyí tí ó rẹwà jù.

3.0 Inú owó: ìwà wúrà

Constantine ṣe é lófin pé ẹyọ owó 72 ni kí a máa rí nínú ìwọ̀n wúrà kan tí àwọn ará Róòmù ń lò. Ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4.5. Wọ́n pín ìwọ̀n yìí sí ọ̀nà 24, tí wọ́n fi orúkọ hóró èso igi kan pè, keration, èyí tí ọ̀rọ̀ náà kárátì ti wá. Ìdí nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń sọ títí di òní pé wúrà tí kò ní àbùlà jẹ́ kárátì 24.

Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn owó náà, olùṣàkójọ yóò máa rí lẹ́tà márùn-ún: CONOB. CON ń tọ́ka sí Kọnsitantínópù, OB sì ń tọ́ka sí wúrà tí a ti fi iná yọ́ mọ́. Àwọn lẹ́tà Gíríìkì méjì tí ó bá OB dọ́gba tún jẹ́ oǹkà 72. Ẹ̀jẹ́ ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Láti ayé Justinian Kìíní (527–565), wọ́n rọ irú owó wúrà kan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pé. Dípò kí wọ́n fi í tan ará ìlú jẹ, wọ́n yí ààmì náà padà. Lórí irú èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kárátì 20, a ó rí OBXX, XX sì jẹ́ 20 ní oǹkà Látíìnì. Owó tí ó fúyẹ́ náà jẹ́wọ́ pé òun fúyẹ́. Ìwà nìyẹn.

Fún nǹkan bí ọ̀rúndún méje ni wúrà yìí kò fi yẹ̀. Wọ́n ti hú u jáde nínú ilẹ̀ ní Síwídìn, wọ́n ti rí i ní Íńdíà, wọ́n sì ti bá a nínú ibojì ní ilẹ̀ Ṣáínà. Lẹ́yìn náà ni àbùlà bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ Michael Kẹrin (1034–1041). Nígbà tí ìjọba Constantine Kẹsàn-án (1042–1055) fi máa parí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí kárátì 18. Àwọn Séljúkì ṣẹ́gun ọmọ ogun Bísántíọ̀mù ní Manzikert ní ọdún 1071, ìnáwó ìjọba pọ̀ sí i, wúrà ń dín kù sí i. Lábẹ́ Nikephoros Kẹta (1078–1081), ó ti dé nǹkan bí kárátì 8. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Alexios Kìíní (1081–1118), ó ṣòro láti pe owó náà ní owó wúrà mọ́. Ọdún 1092 ni Alexios tó tún owó rọ, tí ó mú owó tuntun tí a ń pè ní hyperpyron jáde, èyí tí wúrà inú rẹ̀ jẹ́ kárátì 20½.

Kí ni èyí kan ẹwà? Ó kàn án púpọ̀. Bí a bá gbé owó Basil Kejì (976–1025) sí ẹ̀gbẹ́ ti Nikephoros Kẹta, a ó rí i pé Kristi wà lórí èkíní, Kristi wà lórí èkejì. Ọba dé adé lórí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ èkejì ti ṣá, ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò gba ìmọ́lẹ̀ bí i ti èkíní. Òde rẹ̀ ṣì ń sọ ohun tí inú rẹ̀ kò jẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá ń dájọ́ àwòrán nìkan lè gbé wọn sí ipò kan náà. Ẹni tí ó gbà pé ìwà lẹwà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé lára owó, dídán kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi kún un; dídán ni ìwà tí ó yọ sí gbangba. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí olùṣàkójọ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa owó Bísántíọ̀mù ni ọdún tí a rọ ọ́ àti ohun tí ó wà nínú wúrà ọdún náà.

4.0 Ojú ọba: iṣẹ́ tí a rán àwòrán

Nígbà tí Justinian Kìíní gorí oyè, àwòrán ọba lórí owó wúrà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ó dé àṣíborí, ó gbé ọ̀kọ̀ lé èjìká. Láti nǹkan bí ọdún 538, ọba náà yí ojú padà pátápátá, ó sì kọjú sí ẹni tí ó ń wò ó. Ó di òbìrí kan tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà lọ, ojú tí ó dojú kọ wá yìí ni ó gba ipò iwájú lórí owó Bísántíọ̀mù.

Ẹni tí ń wá iṣan ọrùn àti imú tí ó yọ yóò sọ pé àdánù ni èyí, nítorí pé ojú tí a gbẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ máa ń fi ìrísí ènìyàn hàn ju èyí tí a gbẹ́ láti iwájú lọ. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tí a rí láti ẹ̀gbẹ́ ń wo ibòmíràn. A lè wò ó bí a ti ń wo ẹni tí kò mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Ojú tí ó kọjú sí wa ń wò wá. Owó tí ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Íjíbítì tàbí ọmọ ogun kan létí odò Danube ni ó mú kí ọba tí wọn kò lè rí láéláé máa wò wọ́n lójú kòrókòró. Iṣẹ́ tí a rán àwòrán náà nìyẹn, ó sì jẹ́ ẹ.

Àwa tí a mọ adé ìlẹ̀kẹ̀ kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Nígbà tí ọba Yorùbá bá dé adé, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rọ̀ sílẹ̀ níwájú adé a bo ojú rẹ̀, kí a má baà rí lágbájá ọmọ làgbájá mọ́, bí kò ṣe ipò ọba. Oníṣọ̀nà Kọnsitantínópù gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tí ó fara jọ ọ́: ó fi ojú hàn, ṣùgbọ́n ó mú ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo dín kù, ó sì jẹ́ kí adé, òkúta iyebíye tí ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, àgbélébùú àti aṣọ oyè sọ̀rọ̀ tiwọn.

Síbẹ̀, jíjọra kò kú pátápátá. Phocas (602–610) ní irùngbọ̀n ṣóńṣó tí a fi ń dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irùngbọ̀n Constans Kejì (641–668) gùn dé àyà ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú owó. Ní ọdún 945, nígbà tí Constantine Keje bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń bá a du oyè, ó rọ owó tí òun nìkan wà lórí rẹ̀. Ojú gígùn àti irùngbọ̀n rẹ̀ níbẹ̀ fara jọ àwòrán rẹ̀ tí a gbẹ́ sára eyín erin, tí ó wà ní Moscow báyìí. Èyí fi hàn pé àwọn oníṣọ̀nà náà lè ṣe ohun tí ó jọ ènìyàn nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Ohun tí wọn kò ṣe, wọ́n yàn láti má ṣe é ni.

Àpẹẹrẹ méjì yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa sí i. Èkíní ni owó Justinian Kejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó jọba (685–695), ó gbé ojú Kristi sí iwájú owó wúrà, ohun tí ọba kan kò ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn owó, ó dúró, ó di àgbélébùú mú, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìránṣẹ́ Kristi ni. Kristi yìí ní irun gígùn àti irùngbọ̀n kíkún; ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi í wé àwòrán Kristi ti ọ̀rúndún kẹfà tí ó wà ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn St. Catherine ní Òkè Sínáì. Ní ọdún 695, wọ́n lé Justinian kúrò lórí oyè, wọ́n gé e ní imú. Nígbà tí ó padà dé (705–711), Kristi mìíràn ni ó wà lórí owó rẹ̀: irun orí rẹ̀ ká kókó, irùngbọ̀n rẹ̀ kúrú. Àwọn méjèèjì lẹ́wà, ṣùgbọ́n lọ́nà tí ó yàtọ̀. Èkíní ní ìfarabalẹ̀ àgbà; èkejì ní agbára ọ̀dọ́. Bí a bá béèrè èwo nínú wọn ni ó jọ Kristi, ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn. Bí a bá béèrè èwo ni ó mú kí ẹni tí ó mú owó náà dání mọ̀ pé ẹnì kan wà lókè ọba, owó méjèèjì dáhùn.

Èkejì ni owó Irene, ìyá Constantine Kẹfà, tí ó yọ ojú ọmọ rẹ̀ ní ọdún 797 tí ó sì nìkan jọba títí di 802. Àkókò náà bọ́ sáàárín ìgbà méjì tí àwọn ọba Bísántíọ̀mù fòfin de àwòrán mímọ́, tí Kristi kò sì sí lórí owó. Irene gbé ojú ara rẹ̀ sí iwájú owó, ó tún gbé e sí ẹ̀yìn owó. Oníṣọ̀nà tí ó gbẹ́ òǹtẹ̀ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀: adé náà hàn, ọ̀pá àṣẹ hàn, orúkọ oyè obìnrin náà hàn. Ṣùgbọ́n bí a bá yí owó náà síwá sẹ́yìn, a ó rí i pé kò sí ọmọ, kò sí bàbá, kò sí ẹlòmíràn. Owó náà rẹwà, ó sì ń bani lẹ́rù. A kò lè ya ẹwà rẹ̀ kúrò lára ohun tí ó ń sọ.

5.0 Ìfarahàn: òǹtẹ̀ àti òòlù

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rọ owó wọ̀nyí. Alágbẹ̀dẹ yóò gbé abala wúrà tí a ti wọ̀n sórí òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀, yóò gbé òǹtẹ̀ òkè lé e, yóò sì fi òòlù lù ú. Ibi yìí ni ìfarahàn ti di ọ̀rọ̀. Olùṣàkójọ yóò wò ó bóyá àwòrán bọ́ sí àárín wúrà, bóyá gbogbo lẹ́tà wọlé tàbí a rí èyí tí ó bọ́ sẹ́yìn etí, bóyá ojú àti ọwọ́ ọba yọ dáadáa, bóyá òǹtẹ̀ ti gbó kí wọ́n tó lò ó.

Ẹni tí ń dájọ́ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà iṣẹ́ kí ó tó bu ẹnu àtẹ́ lu òṣìṣẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, owó wúrà náà fẹ̀ sí i, ó fẹ́lẹ́ sí i, ó sì wá tẹ̀ kòtò bí àwo kékeré. Ó ṣòro kí ìlù òòlù kan mú gbogbo ojú irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ni a lù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí a gbé òǹtẹ̀ síhìn-ín, tí a tún gbé e sọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rí ìlà méjì níbi tí ó yẹ kí ọ̀kan wà, yóò sì pè é ní ìjáfara. Àmì ọ̀nà iṣẹ́ ni.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo owó Bísántíọ̀mù ni ó lẹ́wà. Òṣùwọ̀n tí kò bá lè sọ pé rárá kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a wo owó Michael Kẹjọ. Ní ọdún 1204, àwọn ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù kó Kọnsitantínópù; ní 1261, ọmọ ogun Michael gba ìlú náà padà. Ó rọ hyperpyron tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ tuntun: Màríà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú àdúrà, odi ìlú sì yí i ká. Mélòó ni àwòrán owó tí ó sọ ìtàn ìlú kan ní kúkúrú tó báyìí? Ṣùgbọ́n wúrà inú rẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí kárátì 15, abala rẹ̀ kò gún, òǹtẹ̀ kò sì bọ́ sí àárín lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà mìíràn, odi ìlú nìkan ni a ń rí, ojú Màríà ti fọ́ lọ. Ìdájọ́ wa ni pé èrò inú owó yìí ga, ìwà rẹ̀ ti dín, ìfarahàn rẹ̀ kò tó. A lè fẹ́ràn rẹ̀, kí a sì sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, wọn kò rọ owó wúrà mọ́ ní Kọnsitantínópù.

6.0 Ohun tí àkókò ṣe àti ohun tí ọjà ń wò

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń sọ. Ohun tí ó dé bá owó lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọjà ń fi ojú sí jù lọ. NGC, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń ṣe àyẹ̀wò owó àtijọ́, máa ń fún owó ní ààmì láti 1 dé 5 lórí bí a ti lù ú àti lórí ipò ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ bá ta yọ, wọn a sọ ìyẹn lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ṣe yìí dára. Owó lè wà láìnáání ọdún kí ara rẹ̀ sì pé pérépéré, síbẹ̀ kí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ aláìmọṣẹ́. Òmíràn lè ti rìn láti ọjà dé ọjà kí ó gbó, kí ojú tí oníṣọ̀nà ńlá gbẹ́ sì ṣì máa wò wá láti inú rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Àwọn ìpalára kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ owó Bísántíọ̀mù ni wọ́n lu ihò sí tàbí tí wọ́n jó ìkọ́ mọ́ kí a lè fi kọ́ ọrùn. Ó ń dín owó kù lọ́jà, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan ti rí ẹwà rẹ̀ ṣáájú wa. Èyí tí wọ́n gé létí jẹ́ olè. Èyí tí wọ́n fi nǹkan líle fọ̀ kí ó lè dán sì ti pàdánù ara rẹ̀: dídán rẹ̀ kò ti inú wá mọ́. Ní ti ayédèrú, a máa ń fura bí ìwọ̀n bá yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀, bí etí owó bá ní ìlà ibi tí a ti so nǹkan pọ̀, bí ihò wínníwínní bá wà lójú rẹ̀, tàbí bí etí lẹ́tà bá rọ̀ bí ọṣẹ tí omi ti mu. Gbogbo ìwọ̀nyí lè jẹ́ àmì pé a da owó náà ni, a kò lù ú.

Ìbéèrè kan tún kù tí ojú kò lè dáhùn: níbo ni owó náà ti wá? Nígbà tí wọ́n bá hú ìkòkò owó kan jáde nínú ilẹ̀, gbogbo owó inú rẹ̀ papọ̀ ni ó lè sọ fún òpìtàn ìgbà tí a rì í mọ́lẹ̀, àti bóyá ogun ni ó fà á. Bí wọ́n bá fọ́n wọn ká lóru kí wọ́n tó dé ọjà, ìtàn náà kú. Àdéhùn UNESCO ti ọdún 1970 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wáyé nítorí irú èyí. Àwa tí wọ́n ti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa lọ mọ bí ó ti ń rí. Olùṣàkójọ tí kò béèrè ìwé ẹ̀rí bí owó ṣe kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń ra ẹwà, ó sì ń ran ìparun lọ́wọ́.

Kò pọn dandan kí ènìyàn ní owó yìí kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń wò ó. Dumbarton Oaks ní Washington ní ọ̀kan lára àkójọ owó Bísántíọ̀mù tí ó tóbi jù lọ ní àgbáyé, Barber Institute ní Birmingham náà sì ní tirẹ̀. Philip Grierson (1910–2006), ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Cambridge, ni ó ṣe iṣẹ́ ribiribi láti mú àkójọ Dumbarton Oaks gbòòrò àti láti kọ ìwé atọ́nà rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí a lè wo owó ọba kan sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn lónìí, kódà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí a sì dájọ́ pẹ̀lú ìmọ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú bébà yìí pé ẹni tí ó bá fẹ́ dájọ́ ẹwà owó wúrà Bísántíọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nípa ìwà wúrà rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó béèrè iṣẹ́ tí a rán àwòrán rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wo bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ti jẹ́ kí ó fara hàn. Pípé ara àti iye tí ọjà pè é ni ó kẹ́yìn. Òṣùwọ̀n yìí yin Justinian Kejì, ó yin oníṣọ̀nà Irene, ó bá Nikephoros Kẹta wí, ó sì pín ẹjọ́ Michael Kẹjọ sí méjì. Òṣùwọ̀n jíjọra nìkan kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé ó ti dájọ́ kí ó tó wo owó.

A gba àwọn olùkọ́ nímọ̀ràn pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ owó, ère tàbí aṣọ, kí wọ́n má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé ó jọ ọ́?” Kí wọ́n béèrè pé, “Kí ni wọ́n rán an? Ṣé ó jẹ́ ẹ?” Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ ìbéèrè yìí béèrè kò ní dúró kí àlejò wá sọ fún un ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó wà lójúbọ bàbá rẹ̀.